Du Bois: Ọkùnrin tó fi ọ̀dà àti ìṣirò gbèjà ènìyàn dúdú ní Paris, tó sì wá sùn sí Accra

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ìlú Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, kún fọ́fọ́. Àwọn ènìyàn tó tó 250,000, dúdú àti funfun, ló péjọ síwájú ilé ìrántí Abraham Lincoln láti béèrè iṣẹ́ àti òmìnira fún ènìyàn dúdú. Ọjọ́ náà ni Martin Luther King sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó kan King, Roy Wilkins tó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ NAACP bọ́ sórí pèpéle, ó sì kéde pé bàbá àgbà kan ti papò dà ní Accra, olú-ìlú Ghana. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ èrò lẹ́nu. William Edward Burghardt Du Bois ni bàbá náà. Ọjọ́ kan ṣáájú ìpéjọpọ̀ náà, ìyẹn ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ló dákẹ́, ẹni ọdún 95 sì ni.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ orúkọ Du Bois ní ilẹ̀ Yorùbá ló mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ lónìí, pàápàá àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti kó iye jọ, kí wọ́n tú u wò, kí wọ́n sì yà á sí àwòrán kí ojú lè rí ohun tí etí kò lè gbọ́, ọ̀nà mìíràn ni orúkọ bàbá yìí ń gbà jáde. Ìṣòro tó máa ń mú irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ dání kò pọ̀ ní oríṣìí. Iye kan lè jẹ́ èèrà, kí èkejì jẹ́ erin, kí ó sì di dandan kí àwọn méjèèjì wọ inú ìwé kan náà. Iye mìíràn lè jẹ́ àfojúbù, kí ẹni tó ni iṣẹ́ sì máa fẹ́ kí ó dà bí òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹni tí wọ́n ń ya àwòrán fún sì lè má ní sùúrù ju ìṣẹ́jú kan lọ. Gbogbo rẹ̀ ni Du Bois bá pàdé ní ọdún 1900, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà láyé, ó sì fi rúlà, tàdáwà àti búrọ́ọ̀ṣì yanjú rẹ̀.

Great Barrington, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1868, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin ní gbogbo Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀, Alfred, tí wọ́n bí ní Haiti, fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré gan-an, kò sì padà wá. Ìyá rẹ̀, Mary Silvina, ló dá a tọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti bá obìnrin náà jà. Ọdún 1885 ni ìyá yìí kú. Àwọn ará ìlú àti àwọn ọmọ ìjọ tí ó ń lọ ló dáwó jọ kí ọmọ òrukàn náà má bàa fi ìwé sílẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Yunifásítì Fisk ní Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, níbi tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń kàwé.

Tennessee yìí ló ti kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe rí fún ẹ̀yà rẹ̀. Nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń lọ kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní ìwé ní ìgbèríko. Ó rí àwọn tó ń ṣe oko òwú lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ gbèsè lọ́dún dé ọdún, tí kò sì sí ẹni tó mọ iye wọn, iye tí wọ́n ń jẹ, tàbí iye ọmọ wọn tó mọ ìwé. Gbogbo ayé ní èrò lórí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kà wọ́n dáadáa.

Láti Fisk, ó bọ́ sí Harvard, ó gboyè níbẹ̀ ní ọdún 1890, ó sì tún gbòmíràn ní ọdún 1891. Ó rí owó ìrànwọ́ gbà láti lọ kàwé sí i ní Berlin, ní Jámánì, láti ọdún 1892 sí 1894. Níbẹ̀ ló jókòó sábẹ́ Gustav Schmoller, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kọjá pé kí ènìyàn kó òtítọ́ jọ ná, kí ó kó o jọ dé ibi tó lè kó o jọ dé, kí ó tó dá ẹjọ́ kankan. Ẹ̀kọ́ yìí wọ Du Bois léegun. Owó ìrànwọ́ náà tán kí ó tó lè gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berlin, ló bá padà sílé. Ní ọdún 1895, Harvard fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé, òun sì ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè náà níbẹ̀. Ìwé tó fi gba oyè náà, tó dá lórí bí wọ́n ṣe fòpin sí kíkó ẹrú láti Áfíríkà wá sí Amẹ́ríkà, jáde ní ọdún 1896. Ọdún yẹn kan náà ló gbé Nina Gomer níyàwó, ọmọbìnrin kan tó bá pàdé ní Yunifásítì Wilberforce, ní Ohio, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́.

Iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ọ̀gá nínú ìṣirò kò pẹ́ẹ́ dé. Ní ọdún 1896, Yunifásítì Pennsylvania pè é sí Philadelphia láti wádìí àwọn ènìyàn dúdú tó ń gbé ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Seventh Ward. Ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́lá ìlú náà gbà pé ènìyàn dúdú ni wàhálà ìlú, ẹ̀rí ni wọ́n ń wá. Owó oṣù kékeré ni wọ́n fún un, wọn kò fún un ní kíláàsì tí yóò kọ́, ipò tí wọ́n fi í sí sì kéré sí oyè tó wà lórí rẹ̀. Òun àti ìyàwó tuntun kó sí yàrá kan ní àárín àdúgbò náà gan-an, láàrin ariwo, ìdọ̀tí àti ọtí.

Ọkùnrin náà mú ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Ilé kan kò yọ sílẹ̀. Nǹkan bí ìdílé 2,500 ló bá sọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà wọn: ẹni mélòó ló ń gbé níbẹ̀, níbo ni wọ́n ti wá, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, èló ni wọ́n ń san fún ilé, ta ló mọ ìwé, ta ni kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ṣí ilẹ̀kùn tẹ̀ríntẹ̀rín, bí wọ́n tilẹ̀ jọ jẹ́ dúdú. Ẹni tó bá mọ ìṣe Yorùbá kò ní bá wọn wí. Bí àjèjì kan bá wọ agbo ilé kan ní Òwu-Ìsin tàbí ní Òmù-Àrán lónìí, tó ń béèrè iye ọmọ àti iye owó tó ń wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ló rán an, nítorí a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Du Bois jókòó tì wọ́n, ó ṣàlàyé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde ní ọdún 1899, The Philadelphia Negro, fi máàpù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ hàn bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe rí: àwọn tó rí jẹ, àwọn tó ń tiraka, àwọn tálákà, àti àwọn tó ń rú òfin. Ẹni tó bá ń sọ pé ìkan náà ni gbogbo ènìyàn dúdú kò ní ibi tí yóò fi ojú sá sí. Ìwé náà tún fi hàn pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà burúkú ní ìdí: iṣẹ́ tí wọn kò fún wọn, owó ilé tó ga ju agbára lọ, àti oko ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dópin. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ eré lákòókò náà. Ní ọdún 1896 kan náà, Frederick Hoffman, òǹṣirò kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò, ti fi ìwé ńlá kan jáde, tó kún fún iye, láti sọ pé ẹ̀yà dúdú ní Amẹ́ríkà ń kú lọ tán nítorí pé bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe rí nìyẹn. Àwọn adójútòfò sì rí ìdí tí wọn kò fi ní bá dúdú dá òwò. Du Bois kò bínú, kò sì bú u. Ó gbé iye ọkùnrin náà yẹ̀ wò, ó tọ́ka sí ibi tí ìṣirò ti wọ́, ó sì fi àwọn ìlú òyìnbó hàn án ní Yúróòpù níbi tí ikú ti ń pa ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Munich tó wà ní Jámánì wà lára wọn.

Ọdún 1897 ló kó lọ sí Yunifásítì Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, láti máa kọ́ni níbẹ̀. Ó gbà gbọ́ nígbà náà pé àìmọ̀ ló ń fa ìkórìíra, pé bí òyìnbó bá ti rí òtítọ́ ní kedere, yóò yí padà. Ọdún 1899 mi ìgbàgbọ́ yìí láti ìpìlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn èrò kan jó àgbẹ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Sam Hose níná láàyè, láìṣẹjọ́, nítòsí ìlú Newnan, kò jìnnà sí Atlanta. Du Bois kọ ìwé kan tó fara balẹ̀, ó ń gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ìlú. Ojú ọ̀nà ló wà nígbà tí wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti pàtẹ oríkèé ìka òkú ọkùnrin náà sínú ṣọ́ọ̀bù kan níwájú. Ó yí padà, ó lọ sílé. Oṣù kan lẹ́yìn èyí, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Burghardt, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, kú lọ́wọ́ àrùn kan tó máa ń dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé, ní ìlú tí kò ti rọrùn fún ènìyàn dúdú láti rí dókítà. Wọn kò sin ín sí ilẹ̀ Georgia. Great Barrington ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ.

Ọgbẹ́ yìí kò tíì jinná nígbà tí Thomas Calloway kàn sí i. Calloway, tí òun àti Du Bois jọ kàwé ní Fisk, ni ìjọba fi ṣe alábòójútó àtẹ kan nípa ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà tí wọn yóò gbé lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Paris, ní Faransé, ní ọdún 1900. Dọ́là 15,000 ni ilé aṣòfin fi sílẹ̀ fún gbogbo iṣẹ́ náà. Ó kù oṣù díẹ̀ kí ìpàtẹ bẹ̀rẹ̀. Du Bois gbà láti ṣe apá tó jẹ mọ́ ìṣirò, ó sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti jáde ní Atlanta jọ, wọ́n jókòó ti íǹkì àti ọ̀dà.

Nǹkan bí àwòrán 60 ni wọ́n yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó íǹṣì 28 sí 22, ní pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, ìyeyè àti dúdú. Wọ́n kọ èdè Faransé sí àwọn kan lára wọn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn tí yóò wò ó. Apá kan dá lórí ìpínlẹ̀ Georgia nìkan, apá kejì dá lórí gbogbo Amẹ́ríkà.

Àwòrán kan lára wọn ni àwọn tó ń ya ìṣirò lónìí kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni kí wọ́n fi hàn ibi tí àwọn ènìyàn dúdú Georgia ń gbé ní ọdún 1890. Àwọn tó wà ní ìlú tí èrò rẹ̀ lé ní 10,000 jẹ́ 78,139. Àwọn tó wà ní ìlú tí èrò rẹ̀ wà láàrin 5,000 sí 10,000 jẹ́ 8,025. Àwọn tó wà ní ìlú tí èrò rẹ̀ wà láàrin 2,500 sí 5,000 jẹ́ 37,699. Àwọn ará oko àti abúlé jẹ́ 734,952. Bí wọ́n bá fi íǹṣì kan ṣe ọ̀pá tó kéré jù, ọ̀pá àwọn ará oko yóò gùn ju íǹṣì 91 lọ. Kò sí ògiri tí yóò fún un láyè ní Paris, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ìwé.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé tonílé-tàlejò, ilé ni kí ènìyàn ti wò ó. Òwu-Ìsin ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996 ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ìpínlẹ̀ Kwara. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, iye tí wọ́n kà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà kò tó 60,000, nígbà tí ti ìpínlẹ̀ Kwara lápapọ̀ lé ní 2,300,000. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ ya méjèèjì sórí ìwé kan, tó fi íǹṣì kan ṣe ti Ìsin, ti Kwara yóò tó nǹkan bí íǹṣì 40. Bó bá sì súnkì ti Kwara kí ó lè wọ ìwé, ti Ìsin yóò di èérún tí ojú kò rí. Àwọn kan á gé ọ̀pá gígùn náà láàrin, wọ́n á fi àmì kékeré sí ibi tí wọ́n ti gé e, ojú ẹni tó ń kánjú kò sì ní rí àmì náà. Àwọn mìíràn á lo òṣùwọ̀n tó ń fo láti 10 sí 100 sí 1,000 ní ìgbésẹ̀ kan náà. Ìyẹn dára fún ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n yóò mú kí erin dà bí ewúrẹ́ lójú ẹni tí kò kọ́ ọ.

Du Bois kò gé ọ̀pá, kò sì yí òṣùwọ̀n padà. Ó ká ọ̀pá náà ni. Ó fa ìlà àwọ̀ ewé fún àwọn ará ìlú ńlá lókè, búlúù kúkúrú tẹ̀lé e, ìyeyè tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn náà ni pupa bẹ̀rẹ̀, tó ń yí, tó ń ká wọnú ara rẹ̀ bí ìkarahun ìgbín títí gbogbo àárín ìwé fi kún. Kò sí ẹni tó rí i tí kò ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé oko ni ẹ̀yà dúdú Georgia wà. Àwọn Yorùbá àtijọ́ náà mọ irú ọgbọ́n yìí lọ́nà tiwọn. Nígbà tí owó ẹyọ pọ̀ kọjá ohun tí ojú lè gbà, wọn kò tò ó sílẹ̀ mọ́, wọ́n dì í sínú àpò, 20,000 nínú ọ̀kẹ́ kan, ojú sì rí ọrọ̀ láìka a.

Ó tún lo ìgbín yìí fún iye owó tí àwọn agbowó-orí dá lé àga, ibùsùn àti ohun èlò ilé ìdáná àwọn ènìyàn dúdú Georgia. Dọ́là 21,186 ni ní ọdún 1875. Ní ọdún 1899, ó ti di dọ́là 1,434,975. Ọ̀pá mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kan náà, wọ́n sì ń ká wọlé: èyí tó ṣáájú gé kúrú bí ìka, èyí tó kẹ́yìn yí ká léraléra. Àwọn ènìyàn tí òfin ń pè ní ẹrù ní ọdún 1864 ti wá ní ẹrù tiwọn. Òtítọ́ kan wà tí kò yẹ ká fi pamọ́: kò sí ojú tó lè wo ìgbín kí ó sọ iye rẹ̀ gan-an, nítorí àwọ̀ká ìta gùn ju ti inú lọ. Du Bois mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi kọ iye kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Àwòrán ni láti fa ojú mọ́ra, iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Èyí tó fi ìwà ọkùnrin náà hàn jù ni àwòrán àwọn tí kò mọ̀wé-mọ̀kà ní Georgia. Ní ọdún 1860, 99 nínú 100 ni. Ní ọdún 1870 ó di 92.1, ní ọdún 1880 ó di 81.6, ní ọdún 1890 ó sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 67. Ọdún 1900 ló kù, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà ọdún náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ka ènìyàn, Paris kò sì ní dúró. Ẹlòmíràn ì bá kọ 50 sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Du Bois kọ 50, ó fi àmì ìbéèrè tì í, ó sì fi àkámọ́ yí i ká. Nínú ìjà tí gbogbo ohun tí àwọn ọ̀tá ń wá kò ju irọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún wọn.

Àwòrán kan sì tún wà tó jẹ́ pé dúdú ló bo gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú etí tẹ́ẹ́rẹ́ àwọ̀ ewé lórí. Etí yìí ni àwọn ènìyàn dúdú tó jẹ́ òmìnira, 8 nínú 100 ní ọdún 1790, tí kò sì ju 11 lọ ní ọdún 1860. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 1870, àwọ̀ ewé ya wálẹ̀ lójijì títí dé ìsàlẹ̀: 100 nínú 100.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, agara ti dá Du Bois débi pé ó kù díẹ̀ kí ó dùbúlẹ̀ àìsàn, owó ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, níbi tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, ló wọ̀ dé Paris, ó sì wà níbẹ̀ láti bá wọn tò ó. Yàtọ̀ sí àwọn àwòrán ìṣirò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fọ́tò àwọn ènìyàn dúdú Georgia wà níbẹ̀ nínú aṣọ iyì wọn, àti ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ da àwọn òfin kọ, gbogbo òfin tí ìpínlẹ̀ náà ti ṣe lórí ènìyàn dúdú. Nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ló wọ ìpàtẹ náà láàrin oṣù Kẹrin sí oṣù Kọkànlá. Àmì ẹ̀yẹ wúrà ni wọ́n fi dá Du Bois lọ́lá. Láàrin ìgbà náà, ní oṣù Keje, ó wà ní London níbi àpérò àkọ́kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà àgbáyé, tí Henry Sylvester Williams láti Trinidad pè.

Ó padà sí Atlanta, ó ń bá ìwádìí lọ. Ìwé rẹ̀ tó lókìkí jù, The Souls of Black Folk, jáde ní ọdún 1903. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó ṣe kò sí lónìí. Ní ọdún 1906, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní kí ó wádìí ìgbésí ayé àwọn àgbẹ̀ dúdú ní Lowndes County, ìpínlẹ̀ Alabama. Òun àti àwọn ìsọmọgbè rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé ní agbègbè tí ìbọn ti ń dáhùn ìbéèrè. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà ní oṣù Kẹsàn-án tó gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti ń pa dúdú ní ìgboro Atlanta. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin padà, ó sì jókòó sí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn, kí wọ́n má bàa wọlé bá ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀, Yolande. Ó parí ìwádìí náà, ó fi máàpù àti àwòrán ìṣirò sí i, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ òṣèlú, wọn kò sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó wá a lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n ti bà á jẹ́. Kò ní ẹ̀dà mìíràn. Ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ti kú rí láìfi iṣẹ́ pamọ́ síbòmíràn yóò mọ ohun tó gbá a, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Du Bois kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kúrò nídìí ìṣirò díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú ìjà gbangba. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ NAACP sílẹ̀ ní ọdún 1909, ó sì ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà, The Crisis, láti ọdún 1910 sí 1934. Ó ṣètò àpérò àwọn ọmọ Áfíríkà ní Paris ní ọdún 1919. Ní ọdún 1935, ó kọ ìwé ńlá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin, Black Reconstruction. Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ló bójú mu. Ẹni tó ti bèèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo ayé yìn Stalin nígbà tí ó kú ní ọdún 1953, láìka iye àwọn tí ọkùnrin náà pa.

Ní ọdún 1951, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 83, ìjọba Amẹ́ríkà gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí ẹgbẹ́ kan tó ń tako bọ́ǹbù olóró, wọ́n ní aṣojú ilẹ̀ òkèèrè ni. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí bàbá náà lọ́wọ́. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó rí ìwé ìrìnnà lò títí di ọdún 1958. Nígbà tí Ghana gba òmìnira ní ọdún 1957, tí Kwame Nkrumah ránṣẹ́ pè é, kò lè lọ.

Ó lọ nígbẹ̀yìn. Ọdún 1960 ló wà ní Accra nígbà tí Ghana di olómìnira tí ń yan ààrẹ fúnra rẹ̀, ó sì wá sí Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún náà nígbà tí Nnamdi Azikiwe di gómìnà àgbà Nàìjíríà. Ní ọdún 1961, òun àti ìyàwó rẹ̀ kejì, Shirley Graham, kó lọ sí Ghana pátápátá, nítorí Nkrumah ti gbà láti gbọ́ bùkátà iṣẹ́ tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún 1909: ìwé ìmọ̀ gbogbogbò nípa Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn yóò kọ. Ẹni ọdún 93 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀mọ̀wé láti kó òtítọ́ jọ, bí ó ṣe ṣe ní Philadelphia. Ní ọdún 1963, ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà kọ̀ láti sọ ìwé ìrìnnà rẹ̀ dọ̀tun. Ó gba ìwé ọmọ onílẹ̀ Ghana. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ. Ìjọba Ghana ló sin ín.

Àwọn àwòrán Paris wà ní ilé ìkàwé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington, ẹnikẹ́ni sì lè wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2021 ni àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ti ń fi wọ́n ṣe ìdíje lóṣù Kejì, oṣù ìbí rẹ̀: kí oníkálùkù fi èdè kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ya wọ́n bí wọ́n ṣe rí gan-an. Ọ̀pá tó dúró ṣánṣán rọrùn, àṣẹ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ìgbín ni kò ní àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ yà á gbọ́dọ̀ ṣírò ibi tí ojú àmì kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ sí, bí ó ṣe jìnnà sí àárín àti bí ó ṣe yí tó, kí ó máa dín ìjìnnà náà kù bí ìlà ṣe ń ká wọlé. Bó bá fi yíyí ṣe òṣùwọ̀n dípò gígùn, ọ̀pá rẹ̀ yóò purọ́, kò sì ní mọ̀, nítorí àwòrán náà yóò ṣì lẹ́wà.

Ilé tí Du Bois gbé ní àdúgbò Cantonments, ní Accra, ni wọ́n sọ di ilé ìrántí rẹ̀ ní ọdún 1985. Ibẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn ìwé rẹ̀ wà lórí pákó nínú ilé náà, ìyàwó rẹ̀ Shirley sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.